Ẹ̀tù wo ló mọ́ jù? Ìbéèrè kan láti Houston, ìbọn kan nítòsí Igbotako

Ẹ̀yin tó wà lẹ́yìn ọ̀kadà, ẹ̀yin tó wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Lekki, àti ẹ̀yin tó ń ka ọ̀rọ̀ yìí nítorí pé dátà yín kò tó láti fi gbọ́ ohùn, ẹ káàbọ̀. Okitipupa ni mo wà bí mo ṣe ń gba ètò yìí sílẹ̀, òjò sì ń rọ̀. Ẹ̀yin tó ń gbọ́ ohùn, bí páànù bá ń pariwo lẹ́yìn mi, ẹ má bínú.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ọmọ Ìkálẹ̀ kan tó ń gbé ní Houston, ní Texas, fi ohùn ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Ó ní láti bí ọdún méjì ni òun àti àwọn ará ibi iṣẹ́ òun ti ń lọ yin ìbọn ìléwọ́ sí àmì ní ọjọ́ Sátidé. Bébà ni wọ́n ń yìn ín sí o, kì í ṣe ènìyàn, kì í sì í ṣe ẹran. Owó ọta wá ń wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ló bá ra ẹ̀rọ ìtẹ̀ kékeré kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa èèpo ọta tó ti yìn, ó ń fi práímà tuntun sí i, ó ń da ẹ̀tù sí i, ó ń tẹ òjé lé e lórí. Lọ́hùn-ún, òfin ìjọba àpapọ̀ kò ní kó gba ìwé àṣẹ fún ìyẹn, níwọ̀n ìgbà tó bá jẹ́ pé ìlò ara rẹ̀ ló ń ṣe é fún, tí kì í tà á.

Ìbéèrè méjì ló bi wá. Àkọ́kọ́: nínú gbogbo ẹ̀tù tó wà lórí àtẹ, èwo ló mọ́ jù, tí kì í fi èérí sílẹ̀ nínú ìbọn? Ó ní èèpo ọta òun máa ń dúdú bí ìdí ìkòkò, pé àwọn èkíló ẹ̀tù kéékèèké tí kò jó sì máa ń wà nínú ìbọn.

Ìbéèrè kejì, ó sọ ọ́ bí ẹni ń ṣàwàdà. Ọdẹ ni bàbá rẹ̀, nítòsí Igbotako ló ń gbé, ṣakabùlà ló ń lò. Gbogbo ìgbà tó bá ti oko ọdẹ dé ló máa ń gbé omi kaná, tí á máa fọ ìbọn, tí ọwọ́ rẹ̀ á dúdú dé ọrùn ọwọ́. "Bóyá kí n rọ díẹ̀ nínú ẹ̀tù tó mọ́ yìí sínú ike kékeré, kí n gbé e wá fún bàbá ní Kérésì."

Ìbéèrè kejì yìí ló jẹ́ kí n tètè gbé ètò yìí jáde. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn rẹ̀ ná: rárá. Àbúrò mi, bí bàbá bá fi ẹ̀tù yẹn ki ìbọn rẹ̀, ìbọn náà lè fọ́ mọ́ ọn lójú. Bí ó bá ṣoríire, ọwọ́ nìkan ni yóò bá a lọ. Ohun kan náà tó mú kí ẹ̀tù yẹn mọ́ nínú ìbọn tìrẹ ni yóò sọ ọ́ di ikú nínú ìbọn tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa dáhùn ìbéèrè méjèèjì pọ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ bàbá. Ẹ̀tù tí àwọn ọdẹ wa ń dà sínú ṣakabùlà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí àwọn baba ńlá wa ń rà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò etíkun. Ohun mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀: èédú, imí ọjọ́, àti iyọ̀ kan tí òyìnbó ń pè ní saltpetre. Ẹ̀tù yìí ló dún nínú ogun Kírìjí, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 láàárín Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀, tí wọn kò sì túká lójú ogun títí di 1893. Ìró ìbọn ló sọ ogun náà lórúkọ. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó bá àwọn ará ilé wá ìbọn Snider, ìbọn tí wọ́n ń fi ọta sí láti ìdí dípò ẹnu. Ìyẹn yí ogun náà padà. Síbẹ̀, ẹ̀tù inú ọta Snider náà, ẹ̀tù dúdú ni. Ẹ fojú inú wo bí èéfín ṣe máa bo òkè yẹn lẹ́yìn tí wọ́n bá yìnbọn fún wákàtí kan.

Kí ló ń fa èéfín àti èérí? Bí ẹ̀tù dúdú bá jó, ó ju ìdajì ìwọ̀n rẹ̀ lọ tí kì í di afẹ́fẹ́ rárá. Á di eérú àti iyọ̀. Apá kan á bá ẹnu ìbọn jáde, òun ni èéfín funfun tí ẹ ń rí. Apá kejì á lẹ̀ mọ́ inú ọ̀pá ìbọn. Èérí yìí sì máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, bí iyọ̀ ọbẹ̀ ṣe máa ń rin nínú ike nígbà òjò. Ní Sókótó nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ọdẹ kọ́kọ́ sùn kó tó fọ ìbọn. Nílẹ̀ Ìkálẹ̀ níbí, tí aṣọ tí a sá lánàá kò tíì gbẹ lónìí, bí bàbá kò bá fọ ìbọn lálẹ́ ọjọ́ náà, ọ̀pá rẹ̀ á ti máa dípẹtà kí ilẹ̀ tó mọ́. Omi gbígbóná ló sì ń fọ èérí náà, torí omi ló ń yọ́ iyọ̀. Bí ó bá kàn da epo sí i, epo á bò ó mọ́lẹ̀ ni, ìpẹtà á máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ lábẹ́ ibẹ̀.

Nítorí náà, ọwọ́ dúdú bàbá yẹn, ìmọ̀ ni. Bó ṣe yẹ kí ó ṣe é gan-an ló ń ṣe é.

Ẹ̀tù Houston ńkọ́? Orúkọ nìkan ló pa àwọn méjèèjì pọ̀. Òwú ni ìpilẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, òwú tí a fi ń hun aṣọ. Ní 1846 ni onímọ̀ kẹ́míkà kan ní Basel, Christian Schönbein, kéde pé òwú tí òun fi ásíìdì yí padà máa ń jó wàì, láìfi eérú sílẹ̀. Gbogbo ayé sáré sí i. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é ní Faversham, ní England, bú gbàù pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ nínú rẹ̀. Òwú náà ń jó jù, kò sẹ́ni tó mọ bí a ṣe ń fà á ní ìjánu. Ó di 1884 kí Paul Vieille, ará Faransé, tó rí ọ̀nà tí a fi lè sọ ọ́ di ẹ̀tù tó ń jó ní ìwọ̀nba. Ẹ̀tù aláìléèéfín nìyẹn. Gbogbo ẹ̀tù tó wà nínú ọta ìbọn ìléwọ́ lónìí, ọmọ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni wọ́n.

Ẹ̀tù yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ di afẹ́fẹ́ tán bó bá jó. "Fẹ́rẹ̀ẹ́" yẹn ni kókó ọ̀rọ̀ wa.

Ẹ̀tù aláìléèéfín ní ìwà kan. Bí ibi tó ti ń jó bá ṣe há tó, bẹ́ẹ̀ ni jíjó rẹ̀ ṣe ń yára. Bí a bá da díẹ̀ sílẹ̀ gbalasa tí a tanná ràn án, á jó bíi bébà, pẹ̀lú iná aláwọ̀ ìyeyè, kò ní dún. Ṣùgbọ́n bí a bá tì í mọ́ inú èèpo idẹ, tí òjé dí i lẹ́nu, afẹ́fẹ́ gbígbóná tó kọ́kọ́ jáde kò ní rí ọ̀nà lọ. Ipá inú èèpo á ga. Bí ipá ṣe ga, jíjó á yára sí i. Bí jíjó ṣe yára, ipá á tún ga sí i. Àwọn tó ń ṣe ẹ̀tù mọ èyí, wọ́n sì ń ṣe oríṣi kọ̀ọ̀kan fún ipá tó bá a mu. Oríṣi kan wà tó ń yára jó, tí ipá kékeré tó fún. Òmíràn ń lọ́ra, àfi kí ipá ga gan-an kó tó jó tán.

Ẹ̀yin ará Okitipupa, ẹ ó tètè lóye èyí, torí pé ọdún tí a fi wà láìsí iná ẹ̀lẹ́ńtíríìkì ti sọ gbogbo wa di ẹnjiníà jẹnẹrétọ̀. Ẹ ti rí jẹnẹrétọ̀ dísù ńlá tí wọ́n fi ń gbé gílóòbù méjì àti fáànù kan. Kí ló máa ń ṣe? Á máa tu èéfín dúdú, ẹnu páìpù rẹ̀ á máa rin fún epo tí kò jó. Ẹ gbé firísà mẹ́ta àti ẹ̀rọ ìlọta lé e lórí, èéfín á dínkù. Dísù yẹn náà ni, kò sẹ́ni tó pààrọ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n fún ẹ̀rọ náà ló kéré jù tẹ́lẹ̀, kò gbóná tó láti jó epo rẹ̀ tán.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìbọn arákùnrin wa ní Houston gan-an nìyẹn.

Ọta tó ń lò ni wọ́n ń pè ní .38 Special. Ilé iṣẹ́ Smith & Wesson ló gbé e jáde ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí ẹ̀tù dúdú kò tíì kúrò nílé. Nítorí ẹ̀tù dúdú ni wọ́n ṣe ṣe èèpo rẹ̀ gùn tó bẹ́ẹ̀, torí ẹ̀tù dúdú máa ń gba àyè. Ipá tí ìwọ̀n àwọn tó ń ṣe ọta ní Amẹ́ríkà gbà láàyè fún un kò ju pọ́ùn 17,000 lórí íǹṣì onígun mẹ́rin kan. Ẹ fi wé ti ọta 9mm tí ọlọ́pàá ń lò, 35,000 ni tirẹ̀. Ẹni tó bá sì ń yìnbọn sí àmì kì í fẹ́ dé 17,000 yẹn pàápàá. Ìbọn tó rọra fò lọ́wọ́ ló ń wá, kí ọwọ́ má gbọ̀n. Ìwọ̀n kékeré, ipá kékeré.

Mo bi í lórí WhatsApp: ẹ̀tù wo lo ń dà sí i? Ó fi fọ́tò ránṣẹ́. Ẹ̀tù tó ń lọ́ra jó ni, èyí tí wọ́n ṣe fún ọta Magnum alágbára. Ẹnìkan ló tà á fún un ní ẹ̀dínwó. Àṣé jẹnẹrétọ̀ ńlá ló fi ń gbé gílóòbù kan! Ẹ̀tù yẹn kò rí ipá tó nílò, ó jó dé ìdajì, ọta ti jáde lẹ́nu ìbọn. Èyí tó kù ni àwọn èkíló tó ń rí. Èyí tó tún léwu níbẹ̀ ni pé àwọn ẹ̀tù Magnum kan wà tí a kò gbọdọ̀ dín kù rárá. H110 jẹ́ ọ̀kan, ilé iṣẹ́ Hodgdon tó ń tà á ló fúnra rẹ̀ kìlọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí a bá dín in kù jù, ọta lè há sáàárín ọ̀pá ìbọn. Bí ẹni tó mú un lọ́wọ́ kò bá mọ̀, tó tún yin òmíràn tẹ̀ lé e, ọ̀pá náà lè là.

Èèpo ọta tó dúdú lára ńkọ́? Bí ìbọn bá dún, idẹ èèpo yẹn máa ń wú, á fẹ̀ mọ́ ògiri ibi tó wà, á dí gbogbo àlàfo. Ipá ló ń mú kó wú. Bí ipá bá kéré, kò ní wú tó, èéfín á gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ padà sẹ́yìn, á kun ún lára. Nítorí náà, bí ẹ bá rí èèpo tó dúdú lóde ara, ẹ mọ̀ pé ipá kò tó fún irú ẹ̀tù yẹn. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í fi òrí kùn ún.

Ó dáa, èwo ni kó rà? Fún ìbọn ìléwọ́ tí a fi ń yìn sí àmì, ẹ̀tù tó ń yára jó ni. Èyí tó pẹ́ jù nínú wọn ni Bullseye, ó ti wà láti 1898, àwọn àgbà nínú eré yìí ṣì ń lò ó. Kì í ṣe òun ló mọ́ jù, ó máa ń fi èérí díẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń gbe ọta lọ síbi tí a rán an. Winchester 231 wà, HP-38 wà, ẹ̀tù kan náà sì ni méjèèjì, ike àti orúkọ ló yàtọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyàtọ̀ wọn gba owó lọ́wọ́ yín. Titegroup ń jó dáadáa pẹ̀lú ìwọ̀n kékeré nínú èèpo ńlá, àmọ́ iná rẹ̀ gbóná. Bí òjé tí a kò fi nǹkan bò bá wà lórí rẹ̀, èéfín á pọ̀. N320 láti ọ̀dọ̀ Vihtavuori ní Finland ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń díje ń yìn pé ó mọ́ jù. Ó wọ́n. Bí mo bá jẹ́ ọmọ Ìkálẹ̀ tó ń fi owó ránṣẹ́ sílé lóṣooṣù, 231 ni màá rà, màá sì fi owó tó kù ra burọ́ọ̀ṣì ìfọbọn. Èrò tèmi nìyẹn o.

Ìwọ̀n tó máa dà ńkọ́? N kò ní sọ ọ́ níbí, ẹ má sì gbà á lẹ́nu ẹnikẹ́ni lórí YouTube. Ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀tù ló ń tẹ ìwé rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ibi ìbẹ̀rẹ̀ tí ìwé náà kọ ni kó ti bẹ̀rẹ̀, kó má sì kọjá òpin tó fà, nítorí àtimú kó mọ́ tàbí nítorí ohunkóhun.

Kí n tó kúrò níbẹ̀, ohun kan wà tí àwọn tó ń wá ẹ̀tù tó mọ́ kì í sábà ronú kàn. Ẹ̀tù tó ń yára jó, díẹ̀ bíńtín ló ń gbà. Ẹ rántí pé èèpo .38 gùn nítorí ẹ̀tù dúdú. Ìwọ̀n tó yẹ, tí kì í sábà ju bíi grain 3 sí 4 lọ, á kàn sùn sí ìdí èèpo ni, bí ìyẹ̀fun tó ṣẹ́kù sísàlẹ̀ garawa. (Pọ́ùn kan jẹ́ grain 7,000, ẹ ṣírò bí ó ti kéré tó.) Bí fóònù bá dún, tó gbé e, tó padà dé tó gbàgbé pé òun ti da ẹ̀tù sí ìyẹn, tó tún da òmíràn sí i, àyè ṣì wà nínú èèpo náà. Kò ní kún, kò ní ta sílẹ̀, kò sí ohun tí yóò kì í nílọ̀. Ìlọ́po méjì ti wọlé nìyẹn. Ẹ̀tù tó ń lọ́ra, èyí tó ń dọ̀tí yẹn, máa ń kún èèpo, ìlọ́po méjì rẹ̀ á ṣàn sórí tábìlì. Nítorí náà, ẹni tó bá yan ẹ̀tù tó mọ́ gbọ́dọ̀ fi fóònù sí yàrá kejì. Kó to àádọ́ta èèpo sínú àwo wọn, kó tan tọ́ọ̀ṣì, kó yọjú wo inú ọ̀kọ̀ọ̀kan kó tó tẹ òjé lé e. Mo sọ èyí fún un lẹ́ẹ̀mejì.

Nǹkan kejì: ọ̀pọ̀ èérí tí a ń di ẹrù rẹ̀ ru ẹ̀tù kì í ṣe ti ẹ̀tù. Òjé tí wọ́n ń yìn máa ń ní ìda lára, kó lè máa yọ̀ nínú ọ̀pá. Ìda yẹn ló ń di èéfín tó pọ̀ jù. Bí arákùnrin wa bá ra òjé tí wọ́n fi bàbà tàbí ọ̀dà bò, ìdajì ẹjọ́ rẹ̀ á parí láìpààrọ̀ ẹ̀tù kankan.

Òjé fúnra rẹ̀ wá ni ọ̀rọ̀ tí n kò fẹ́ fi ṣeré. Ẹ̀tù lè mọ́ bíi omi kànga, òjé ṣì wà nínú èéfín tó jáde lẹ́nu ìbọn. Ó tún wà nínú ọ̀pọ̀ práímà. Kò ní òórùn. Ní 2010, ní Zamfara, àwọn ènìyàn ń lọ òkúta wúrà nínú agbolé wọn, òjé wà nínú òkúta náà, eruku rẹ̀ bo ilẹ̀ tí àwọn ọmọ ń rá lé. Ó ju 400 ọmọ lọ tó kú. Àwọn òbí yẹn kò mọ̀, iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe. N kò sọ pé ọta Sátidé kan tó ìyẹn. Ohun tí mò ń sọ ni pé ọmọ kékeré ni òjé ń bá jà jù, ọpọlọ ló sì máa ń lọ síbẹ̀. Arákùnrin wa ní ọmọ ọdún mẹ́ta nílé, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú voice note yẹn. Nítorí náà: kò gbọdọ̀ ṣe ọta lórí tábìlì oúnjẹ. Kó fi omi tútù àti ọṣẹ fọ ọwọ́ àti ojú kó tó jẹun. Kó bọ́ bàtà àti aṣọ ibi ìyìnbọn sẹ́yìn ilẹ̀kùn, kó má fi gbé ọmọ. Èyí ṣe pàtàkì ju orúkọ ẹ̀tù èyíkéyìí tí mo dá lókè lọ.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Igbotako.

Ẹ ti rí i báyìí pé ẹ̀tù tó mọ́ ni ẹ̀tù tó rí ipá tó bá a mu nínú ìbọn tó lè gbé ipá yẹn. Ìbọn Houston, irin líle ni, ilé iṣẹ́ ti dán an wò. Ọ̀pá ṣakabùlà ńkọ́? Alágbẹ̀dẹ ló ṣe é, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ páìpù omi nígbà kan rí. Bàbá kò ní ìwọ̀n oní-grain. Àtẹ́lẹwọ́ ló fi ń wọn ẹ̀tù, ojú ló fi ń mọ̀ ọ́n, ó sì ti mọ̀ ọ́n láti kékeré. Á da ẹ̀tù sí i, á fi àkísà dí i, á da ọta sí i, á tún dí i, á fi ọ̀pá gún un mọ́lẹ̀. Ẹ̀tù dúdú gba irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀, ó máa ń dárí jini bí ó bá lé díẹ̀. Àmọ́ bí ó bá fi àtẹ́lẹwọ́ kan náà wọn ẹ̀tù tí ọmọ rẹ̀ ń fi grain 3 wọ̀n ńkọ́? Ó há, ó dí, ó yára, ipá ń bí ipá. Páìpù omi kò lè gbà á. Kò tilẹ̀ sí ìwọ̀n kékeré kan tí a lè ní kó dà tí yóò fi dáa. Ìbọn tí wọ́n ṣe fún ẹ̀tù dúdú, ẹ̀tù dúdú ni oúnjẹ rẹ̀.

Òfin náà tún wà níbẹ̀. Àjọ tó ń yẹ ẹrù wò ní pápákọ̀ òfuurufú Amẹ́ríkà kò gba ẹ̀tù ìbọn láàyè nínú báàgì ọwọ́ tàbí nínú ẹrù abẹ́ ọkọ̀, ìbáà ṣe ṣíbí kan. Bí ó bá sì bọ́ lọ́hùn-ún, Nàìjíríà ń dúró dè é. Òfin ìbọn wa ti 1959 ka ìbọn ìléwọ́ mọ́ àwọn ohun ìjà tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní láìgba àṣẹ lọ́wọ́ Ààrẹ. Ó sì fòfin de ṣíṣe ìbọn tàbí ọta nínú ilé ẹni. Ṣakabùlà pàápàá ní ìwé àṣẹ tirẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin tó ń gbọ́ wa nílé, ohun tí a sọ nípa ẹ̀rọ ìtẹ̀ àti èèpo idẹ lónìí, ìmọ̀ ni, ẹ má lọ dán an wò ní Ilutitun. Ẹ̀yin tó wà ní Peckham náà, ẹ dákẹ́ jẹ́ẹ́: láti 1997 ni wọ́n ti gba ìbọn ìléwọ́ lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn níbẹ̀, àfi ìwọ̀nba díẹ̀.

Ní àná ni arákùnrin wa dá mi lóhùn. Ó ti da ẹ̀tù Magnum yẹn padà fún ẹni tó tà á, ó ti ra 231. Ó ní àádọ́ta èèpo tí òun kọ́kọ́ ṣe, òun fi tọ́ọ̀ṣì wò wọ́n, òun sì rí ọ̀kan tó ní ìlọ́po méjì. Ọ̀kan péré. Ó ní òun jókòó fún ìgbà díẹ̀ kí òun tó dà á nù.

Ó tún pe bàbá. Ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un, bí ẹ̀tù òyìnbó ṣe mọ́ àti ìdí tí òun kò fi ní gbé e wá. Bàbá tẹ́tí sí i títí, ó ní, "Ta ló sọ fún ọ pé ìbọn mi ń dọ̀tí? Mi ò ní kí o bá mi wá ẹ̀tù." Ó ní bí ó bá fẹ́ gbé nǹkan wá ní Kérésì, kó ra kẹ́tùlù tó máa ń fọn fèrè bí omi bá hó, torí oorun máa ń gbé òun lọ lẹ́bàá iná nígbà tí òun bá ti igbó dé.